Ìbọ̀wọ́ Ọmọ Mi ní Ìgbáradì Ìgbà Ìrúwé

Èmi nìkan ni òbí tó máa ń wá wo ìgbáradì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn òbí yòókù á wá, wọ́n á gbé ife kọfí dání, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn lọ sílé. Èmi ò rí tiwọn rò. Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo èèyàn ló ń múra bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Ọjọ́ ìgbáradì lẹ ó mọ ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́ àti ẹni tó jẹ́ pé aṣọ bọ́ọ̀lù ló kàn yẹ ẹ́.

Pápá náà wà lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ mi, lápá ibi tí Salford Quays, etí omi tó wà nítòsí Manchester, parí sí. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́ díẹ̀, ẹ lè rí orí pápá ìṣeré ńlá ti Old Trafford lódìkejì omi, èyí táwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti òkèèrè wá wò. Kò kàn mí. Nínú ìjọ wa, àwọn ọkùnrin lè tìtorí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ bínú síra wọn lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n á sì gbàgbé ìwàásù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ mi ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rín in.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ mi nígbà náà. Aṣọ́lé ni, ẹni tó máa ń dúró láàárín òpó méjì láti fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù. Gbogbo sáà ìdíje yẹn, aṣọ́lé kejì ló jẹ́. Ìyẹn ni pé láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ẹ̀wù òtútù, tí kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje kankan. Nígbà tó di oṣù kẹta, aṣọ́lé kìíní ń múra àtilọ sí yunifásítì, ni kóòṣì bá sọ fún wọn pé ìgbáradì ìgbà ìrúwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, lòun máa fi mọ ẹni tó máa gba ipò náà. Àwọn méjì ló ń du ún: ọmọ mi, àti ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ga bí òpó iná.

Ọjọ́ tí ọmọ mi gbọ́, bó ṣe wọlé ló ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Mummy, tí wọn ò bá mú mi this time, I'm done. Mi ò ní jókòó sórí bench for another year. Mo máa fi football sílẹ̀ pátápátá.”

Kì í ṣe ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti rò ó tán nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti kó dé ìlú yìí, tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí kò rẹ́ni bá ṣeré, bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ bá a ṣọ̀rẹ́. Mo wò ó bó ṣe ń bọ́ bàtà, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé kò sẹ́ni tó máa gba bọ́ọ̀lù yìí lọ́wọ́ ọmọ yìí níṣojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ìgbáradì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Stockport. Mo bẹ ọ̀gá mi kó fi mí sí iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì. Tí mo bá ti wẹ̀ fún àwọn arúgbó mi, tí mo fún wọn lóúnjẹ, tí mo kọ ohun tó yẹ kí n kọ sílẹ̀, màá sáré wọ ọkọ̀ ojú irin dé àárín ìgboro, màá tún wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ojú títì, dé Quays. Nígbà mìíràn, aṣọ iṣẹ́ mi ni màá ṣì wọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Tó bá wu ẹnikẹ́ni kó wò mí, kó wò mí.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Àwa obìnrin aládùúrà ìjọ wa máa ń pàdé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà. Lẹ́yìn tí mi ò yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, màmá àgbà tó jẹ́ olórí wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

“A ò rí ọ mọ́ ní Thursday. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, mà. Ọmọ yín ló ní training.”

“Training kí ló máa gba ipò àdúrà? Ọmọbìnrin tó yẹ kó jókòó ti ìwé rẹ̀, ló ń fi itan síta, tó ń fò kiri nínú ẹrẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ta ló máa fẹ́ ẹ?”

Inú bí mi gan-an. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa o, orúnkún méjèèjì, lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn.

“Ẹ má bínú sí mi, mà. Tó bá jẹ́ ọmọ mi ọkùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ní kí gbogbo wa dìde ká gbàdúrà fún un. Mi ò ní wá ní Thursday, mà, títí wọ́n á fi yan aṣọ́lé.”

Mo dìde, mo gbọn síkẹ́ẹ̀tì mi, mo sì lọ bá wọn to àga.

Wọ́n ní ìgbà ìrúwé ni ìgbà tí òtútù máa ń lọ. Irọ́ ni. Òtútù Manchester kì í lọ, ó kàn máa ń rìn lọ díẹ̀ kó tó padà wá ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òjò wẹ́wẹ́ rọ̀ lé mi lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀sẹ̀ kejì, atẹ́gùn gbé agboòrùn mi lọ. Kóòṣì wọn, obìnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ń dún láti òpin pápá kan dé èkejì, rí mi tí mo dúró sẹ́bàá ìlà funfun, tí mo ń sọ fún ọmọ kan pé kó gbé orí rẹ̀ sókè. Ní ìgbáradì tó tẹ̀ lé e, mo bá okùn kan tí wọ́n ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó ní ẹ̀yìn okùn ni ibi àwọn òbí, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Àwọn òbí wo? Èmi nìkan ló ta odindi okùn sí.

Mo dúró sẹ́yìn okùn náà. Mi ò lọ sílé.

Mi ò mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, torí náà mo sọ wọ́n lórúkọ tèmi. Ọmọ kan wà tí mò ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì, torí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yìí, ńṣe ló dà bíi pé ó lójú lára. Òmíràn wà tí mò ń pè ní Má Wẹ̀yìn, tó máa ń gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá tí á sì fi ránṣẹ́ síbi tí kò tíì wò rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù gidi kọ́ ni wọ́n ń gbá. Wọ́n ń sáré láàárín àwọn ike kéékèèké, ọmọ mẹ́jọ á dúró yíká, méjì á wà láàárín tí á máa lé bọ́ọ̀lù kiri bí ẹni ń lé adìyẹ. Mo rò pé kóòṣì yìí ò mọṣẹ́. Mo sọ ọ́ sókè pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Má Wẹ̀yìn yí sọ́tùn-ún, kí bọ́ọ̀lù sì tó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ti ń sáré lọ síbi tó máa bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ wọn ló ti mọ ara wọn. Orí mi wú, mo pariwo débi pé àwọn ẹyẹ omi fò kúrò lórí fẹ́ǹsì. Kóòṣì wẹ̀yìn. Mo fọwọ́ hàn án pé ẹ̀yìn okùn ṣì ni mo wà.

Ní ti àwọn aṣọ́lé méjèèjì, igun pápá ni wọ́n máa ń kó wọn lọ, wọ́n á máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ gíga yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́. Ohun tó fi ju tèmi lọ ni ariwo. Aṣọ́lé gbọ́dọ̀ máa pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, kó máa sọ fún wọn pé ẹ lọ síbí, ẹ wá sọ́hùn-ún. Ọmọ tèmi kì í lè pariwo mọ́ èèyàn, pàápàá àwọn tó fi ọdún kan tàbí méjì jù ú lọ. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé a kì í jágbe mọ́ ẹni tó juni lọ. Nígbà tí kóòṣì sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ohùn rẹ̀ ò jáde, a délé, mo ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì kó máa pariwo mọ́ mi.

“Mummy, mi ò lè shout at you.”

“Shout at me. Èmi ni mo ní kí o ṣe é. Sọ fún mi pé kí n kúrò lọ́nà!”

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó pariwo. Aládùúgbò wa fọwọ́ lu ògiri láti òdìkejì. A tún pariwo. Ó tún lù ú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni o, kì í ṣe òru. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má dá a lóhùn, tó bá rẹ̀ ẹ́ á sinmi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ẹ̀yìn okùn, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Báyìí la ṣe dé ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kóòṣì ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ òun máa pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, wọ́n á gbá odindi bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn, aṣọ́lé kan níhìn-ín, aṣọ́lé kan lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn lòun máa sọ ẹni tí òun mú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ wa gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mo gbà á pé. Mo ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìfi omi kan ẹnu. Lọ́jọ́ tó parí, wọ́n gbàdúrà sí òróró, wọ́n bu tìrẹ fún ọ, wọ́n bu tèmi fún mi, nínú ìgò kékeré. Kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Kò sí nǹkan tí a kì í ta òróró àdúrà sí. Nígbà tí mo ń tọrọ ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú yìí, mo ta á sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ọ̀mù náà, wọ́n sì fún mi. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù lọ sórí kọ̀ǹpútà, a ta á sára kọ̀ǹpútà. A ń ta á sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, sí lẹ́tà ìpè sí iṣẹ́, sí bàtà ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò awakọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ta á sí ló já sí rere. Ìgbàgbọ́ mi nìyẹn, mi ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọmọ mi wà ní bálùwẹ̀, mo ṣí báàgì rẹ̀, mo yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ jáde. Mi ò kàn ta á sí i ṣákáṣáká. Mo bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ náà, mo fi pa ìka kọ̀ọ̀kan, mo ra á títí ó fi wọnú rẹ̀. Bí mo ṣe ń pa á ni mò ń sọ pé bọ́ọ̀lù kankan kò ní kọjá ọwọ́ yìí. Mo dá a padà sínú báàgì, mo sì lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú.

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ nígbà tí mo dé pápá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ló gbá a, kò le rárá, ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ kígbe. Nígbà tí mo wò, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Mo sọ fún ara mi pé òjò ni. Kò pẹ́, èkejì tún wọlé; ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé ó ti mú un tán kó tó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀. Lódìkejì pápá, nínú òjò kan náà, ọmọ gíga yẹn ń mú tirẹ̀.

Ọmọ mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó nu ún mọ́ koríko, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ló gbé e sí imú. Ó wá yí ojú padà, ó sì wò mí láti ọ̀ọ́kán.

Ìgbà yẹn gan-an ló yé mi. Èmi tó jẹ́ pé mo ń sọ fún àwọn tó ń wẹ arúgbó pẹ̀lú mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n nu ìpara kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé èèyàn.

“Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?” Kóòṣì ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti àárín pápá.

“It's just the rain, coach. My fault.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó jù ú sẹ́yìn àwọ̀n, ó sì na ọwọ́ òfìfo síta nínú òtútù. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e gbá a lọ́wọ́, pàá! Mo gbọ́ tó ké. Nígbà tí mo wò, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá.

Màá sọ òótọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ojú Ọlọ́run ò tì mí. Ojú kóòṣì ló ń tì mí. Mo rí bó ṣe máa délé, tí á máa sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ìyá adúláwọ̀ kan da òróró sí ìbọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n á sì jọ máa rẹ́rìn-ín sí wa lórí tábìlì oúnjẹ. Ọmọ mi ti bò mí láṣìírí. Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọmọ mi á kàn di ẹni tí kò lè mú bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, á sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ bó ṣe sọ. Inú ara mi bí mi ju bí inú ẹnikẹ́ni ṣe bí mi rí lọ.

Mo gbé okùn náà sókè, mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Kóòṣì ń pariwo pé kí n padà. Mi ò padà. Mo gba ẹ̀yìn àwọ̀n lọ, mo he ìbọ̀wọ́ náà nínú ẹrẹ̀, mo rìn dé àárín pápá, bọ́ọ̀lù sì dúró. Mo nà án sí kóòṣì ní imú, mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó ní ohùn Ìjẹ̀bú nínú sọ fún un pé kó gbóòórùn rẹ̀.

“Òróró ni. Òróró àdúrà. Èmi ni mo fi pa á láàárọ̀ yìí, ọmọ náà ò mọ̀. Kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo yíjú sí i.

“Rín in tán. Mo dúró.”

Ẹ̀rín náà dákẹ́. Kóòṣì wo ìbọ̀wọ́, ó wò mí, ó wo ọmọ mi tó ń wo ilẹ̀. Mo ní kó pa góòlù méjèèjì rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó ní góòlù kì í ṣeé pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí aṣọ́lé méjèèjì wá, ìbọ̀wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n máa lò, bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ni wọ́n máa gbá sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ lòun máa parí ọ̀rọ̀ sí. Ó wá fi ìka hàn mí ibi tí okùn wà.

Mo rìn padà pẹ̀lú orí lókè.

Nínú tíráàmù, mo ń retí kí ọmọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo ti ṣe ohun akin. Ó ń wo fèrèsé. Ibùdó kan kọjá, èkejì kọjá.

“Mummy, kí ló dé tẹ́ ẹ fi oil sí i?”

“Kí Ọlọ́run lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.”

“Ẹ ò rò pé ọwọ́ mi lè mú un fúnra ẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń bá gbogbo ayé jà nítorí ẹ?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ bá màmá church jà, ẹ bá coach jà, ẹ bá next door jà. I know. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ò believe pé I'm good.”

Inú fẹ́ bí mi. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo òjò tó ti pa mí, ṣé ohun tí mo máa gbọ́ nìyí? Mo ní kò sí ọjọ́ kan tí mi ò wá wò ó, àní ọjọ́ kan ṣoṣo.

“Ẹ máa ń wá,” ó ní. “But ẹ kì í wò mí. Tí ball bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ máa ń dijú. Mo máa ń rí yín from the goal, Mummy. Every single time. Ẹ máa ń dijú, ẹnu yín á máa gbàdúrà.”

Òótọ́ ni. Èmi tí mo mọ bí Má Wẹ̀yìn ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀, èmi tí mo lè ròyìn gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lórí pápá yẹn fún yín, mi ò rí ọmọ mi kó mú bọ́ọ̀lù rí. Ariwo ni mo máa ń gbọ́, lẹ́yìn náà ni màá wá wò bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ń pe ẹ̀rù náà ní àdúrà. Ó dùn mí débi pé mo ní láti di irin tíráàmù mú.

“On Tuesday, ẹ wá,” ọmọ mi ní. “Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á nílé kẹ́ ẹ tó wá. But ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dijú.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn tiẹ̀ yọ. Mo gbàdúrà nílé, ó gùn, mo sì fi àmín parí ẹ̀. Ní pápá, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ló gbá àwọn bọ́ọ̀lù náà. Ọmọ gíga yẹn ló kọ́kọ́ dúró. Mo wo tirẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo ẹ̀, mo sì rí i pé ó dára. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dára gan-an.

Ó wá kan tèmi. Àkọ́kọ́ wọlé. Mo rí i tó wọlé, ó sì dà bíi pé wọ́n gbá a sí mi níkùn. Ìpéǹpéjú mi fẹ́ máa pa dé fúnra rẹ̀, mi ò gbà fún un. Èkejì, ó há a mọ́ àyà. Ẹ̀kẹta, ó fi ẹsẹ̀ tì í síta. Méjì wọlé tẹ̀ léra wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kẹfà, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí mẹ́wàá pé, kóòṣì pe àwọn méjèèjì, ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì rí i láti ẹ̀yìn okùn pé ọmọ gíga yẹn ló fọwọ́ bo ẹnu pẹ̀lú ìdùnnú. Ọmọ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó bọ̀ ọ́ dáadáa, ó wò ó lójú.

“I'm taking it off you in September,” ó ní, sókè, kí kóòṣì lè gbọ́. Ohùn tí a fi bá aládùúgbò wa jà ló fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti kún mi lẹ́nu: pé ojúsàájú ni, pé gíga ni wọ́n wò, pé bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ló le jù. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Mummy, no. Ọwọ́ mi ni mo fi pàdánù ẹ̀. Tèmi ni. Ẹ rí number six?”

“Mo rí i.”

“Ṣé ẹ rí i lóòótọ́?”

“Mo rí i.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

A ń rìn lọ sí ibùdó tíráàmù, mo sì sọ ọ́ fún un. Mo ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì wo apá ọ̀tún ṣùgbọ́n apá òsì lókè ló gbá a sí. Mo ní ìwọ ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, o sì mọ̀ pé o ti ṣì í, o tún gbé e padà kí n tó mí. Mo ní gbogbo ara rẹ kúrò nílẹ̀. Mo ní bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ìka méjì péré ló kàn án, mo rí ìka méjèèjì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn, ó gbá òpó, ó sì jáde. Mo ní o ṣubú lé èjìká, o sì ti dìde kí bọ́ọ̀lù tó dúró. Mo ní mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi.

A dé ibùdó, tíráàmù wa dé, ó tún lọ, a ò wọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ.